Ọwọ́ Wà Lára Ẹja, Ọkàn Ti Dé Yunifásítì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú wọn dà bí ẹni pé wọ́n jọ sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́: bí èèyàn ṣe lè jẹ́ kí ọkàn ẹ̀ wà lórí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, èyí tí òyìnbó ń pè ní "mindfulness". Mo bá ní kí n kúkú dá wọn lóhùn pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹja ni mò ń tà l'ọ́jà Olúwo níbí l'Ẹ́pẹ́, ó ti lé l'ọ́dún 17, èmi náà ni mo máa ń bá kọ́sítọ́mà ha ìpẹ́ ẹ̀ tí mo máa ń la ikùn ẹ̀, iṣẹ́ tí mo lè dijú ṣe ni. Ṣùgbọ́n látìgbà tọ́mọ mi ti ṣe JAMB tá a ń retí bóyá yunifásítì máa mú un, ara mi nìkan ló ń wá sọ́jà. L'ọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọ́ òróòro sínú ẹja olówó. Obìnrin kan gbé ọbẹ̀ ẹ̀ padà wá nínú kúlà, ó ní kí n tọ́ ọ wò, ṣé ewúro ni mo fi fọ ẹja òun ni! Ojú tì mí. Ọmọ mi yìí náà ló wá fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù, òyìnbó kan ló ń sọ pé kéèyàn wà níbi tó wà, kó má ronú nǹkan kan. Àǹtí, tí mi ò bá ronú, ta ló máa san owó sukúù? (Ìyá ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́)

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìdúró. Ọbẹ̀ inú kúlà yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ má bínú. Èmi tí mò ń gba èèyàn nímọ̀ràn yìí, ẹ̀wà jóná mọ́ mi lọ́wọ́ ní Sátidé, mo sì dúró ti ìkòkò ọ̀hún o, fóònù ló wà lọ́wọ́ mi, àfìgbà tọ́mọ ará ilé kejì kan ilẹ̀kùn pé àǹtí, kí ló ń jó nílé yín?

Ẹni tó ní kẹ́ ẹ má ronú nǹkan kan, ẹ bá mi bi í bóyá òun ti ṣe é rí. Kò sẹ́ni tí ọkàn ẹ̀ kì í ṣáko. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ méjì ní yunifásítì Harvard l'Ámẹ́ríkà, Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert, ń fi fóònù bi èèyàn 2,250 léèrè ní àsìkò tí wọn ò retí pé kí lẹ̀ ń ṣe báyìí, kí sì lọkàn yín wà lé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àsìkò náà, 46.9 nínú 100, tí ọkàn wọn ò sí lórí ohun tí wọ́n ń ṣe. Inú wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dùn nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, kódà tó bá jẹ́ nǹkan dáadáa ni wọ́n ń rò, kò dùn ju ti ẹni tọ́kàn ẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù.

Ẹ mú ọkàn yẹn bí ewúrẹ́ ilé. Ó máa jáde, ẹ ò lè so ó mọ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru, tẹ́ ẹ bá ti rí i pé kò sí nílé ẹ lọ mú un wá, ẹ má nà án. Ẹja tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbé lọ́la, ẹ jẹ́ kójú yín tẹ̀ lé ṣóńṣó ọ̀bẹ. Omi inú báàfù yẹn, ṣé ó ṣì tutù àbí oòrùn ti mú un? Ìpẹ́ tó ń ta sí yín lápá tó ń lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ mọ̀ ọ́n lára. Tẹ́ ẹ bá la ikùn ẹ̀, ẹ wá àpò kékeré aláwọ̀ ewé yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀ kí ìka yín tó wọlé, ẹ rí i ná. Kẹ́ ẹ tó dé ẹja kẹta ọkàn ti máa sáré lọ sí JAMB, mo mọ̀. Ẹ kàn sọ nínú yín pé "mo ti lọ", kẹ́ ẹ padà sórí ọ̀bẹ. Bó ṣe lọ ní ìgbà ogún náà lẹ máa mú un padà ní ìgbà ogún, gbogbo iṣẹ́ tó wà ńbẹ̀ nìyẹn.

Owó sukúù ńkọ́? Ẹ fún un ní àkókò tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kí ìrun alẹ́ tán, ẹ mú bírò àti ìwé, 20 mínítì, ẹ kọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín síbì kan (àjọ tẹ́ ẹ máa kó, ẹni tó jẹ yín lówó) kẹ́ ẹ kọ èyí tí kò sí lọ́wọ́ yín síbòmíì, bí orúkọ tí yunifásítì máa gbé jáde. Tó bá wá yọjú lọ́sàn-án, ẹ ní alẹ́ la jọ ní àdéhùn. Tí àyà bá ń já, ẹ mí sínú kẹ́ ẹ ka 4, ẹ mí síta kẹ́ ẹ ka 6, torí ìgbà téèyàn bá ń mí síta lọkàn máa ń rọra lù. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti ń lo ọ̀sẹ̀ méjì-mẹ́ta tí ẹ ò rí oorun sùn, ẹ lọ rí dókítà, ìyẹn kọjá ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ àtẹja.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, 4:30 ni mò ń jí n'Íkòròdú kí n tó lè bá bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kéèyàn jókòó, kó dijú fún 20 mínítì láràárọ̀. Níbo?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, má dijú nínú dánfó o! Wọ́n á gba fóònù ẹ, wọ́n á sì gbé ẹ kọjá ibi tó ò ń lọ. Afárá Májídùn nìkan ni kó o mú. Tí bọ́ọ̀sì bá ti débẹ̀, fóònù sápò, wo omi yẹn, gbọ́ ẹnu kọ̀ńdọ́, mọ ẹsẹ̀ ẹ nílẹ̀ bọ́ọ̀sì. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá, padà sórí WhatsApp ẹ. Tó bá wá di pé gosíló há yín mọ́ orí afárá, o jèrè nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà ni mí l'Ágbádárìgì. Mo gbọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni nǹkan yìí ti wá. Ọmọ ìjọ ni mí, ṣé kò ní kó bá mi?

ÌDÁHÙN: Tíṣà, òótọ́ lẹ gbọ́. "Sati" ni wọ́n ń pè é ní Pali, èdè àtijọ́ tí wọ́n fi kọ ìwé ẹ̀sìn Búdà. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1979, ọ̀mọ̀wé kan, Jon Kabat-Zinn, mú un wọ ọsibítù yunifásítì Massachusetts l'Ámẹ́ríkà, ó yọ ẹ̀sìn kúrò lára ẹ̀, ó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 8 fáwọn tí ara ń ro tóògùn ò ràn. Kò sí pé ẹ forí balẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kí sì ni àwa ń pè ní ìfarabalẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ẹni tó ń kírun tí ò mọ̀ bóyá rákà kẹta lòun wà àbí ìkẹrin, ó mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ti jókòó rí nínú ìwàásù tẹ́ ẹ wá ń ka iye fáànù tó wà lókè, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ìyá ẹlẹ́ja, mò ń bọ̀ l'Ẹ́pẹ́ láìpẹ́. Ẹ bá mi tọ́jú ọ̀bọ̀kún méjì tó sanra, èmi fúnra mi ni mo máa dúró tì yín tẹ́ ẹ bá ń la ikùn ẹ̀.