Mò ń sanwó àwọn ọmọ mi, síbẹ̀ wọ́n ní mo jẹ gbèsè

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ojúmọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Houston ni mo wà. Èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi méjì kọ ara wa sílẹ̀ ní 2021, kóòtù sì ní kí n máa san $950 lóṣù. Uber ni mò ń wà nígbà náà, èmi fúnra mi ni mo ń san án sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá wọn ní kí n kúkú máa fi Zelle, ètò tí báǹkì fi ń fowó ránṣẹ́ lórí fóònù, ránṣẹ́ sí òun tààrà, pé ti ọ́fíìsì ń pẹ́ kó tó dọ́wọ́ òun. Mo gbà. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ń fi $800 ránṣẹ́, mo tún ń ra bàtà, mo ń san owó bọ́ọ̀lù fún èyí ọkùnrin. Àfi bí ìwé ṣe dé pé mo jẹ $13,300, láìka èlé. Owó orí tó yẹ kí IRS, ọ́fíìsì owó orí ìjọba àpapọ̀, dá padà fún èmi àti ìyàwó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́, wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ síṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan, kò tíì pé oṣù kan, wọ́n ní àṣẹ ti dé pé kí wọ́n máa yọ owó lára owó iṣẹ́ mi. Ta ló sọ fún wọn? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fiṣẹ́ náà sílẹ̀, kí n wá èyí tí wọ́n á máa ka owó rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo ní ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn tí mò ń tọ́, mo sì fẹ́ kọ̀wé di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni kí n ti ṣe é?
Bàbá Ayọ̀

Bàbá Ayọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má fiṣẹ́ sílẹ̀ o. Mo ń padà bọ̀ sórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná, nítorí òdìkejì tábìlì ni èmi jókòó sí. Èmi ni wọ́n ń sanwó fún. Ní 2014, níbi tí a ń gbé mọ́tò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá àwọn ìbejì mi ti máa ń fún mi lówó. $300, nínú àpò ìwé ọrẹ, á fi há mi lọ́wọ́ bí ẹni ń fúnni ní oògùn, á sì yára bá tiẹ̀ lọ. Inú Bíbélì ni mo máa ń kì í bọ̀. Kí n tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ti di ìrẹsì, ó ti di owó iná. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwa méjèèjì jókòó níwájú obìnrin kan ní ọ́fíìsì. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wa: òdo, òdo, òdo, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bi mí pé ṣé ọkùnrin yìí ò fún mi ní kọ́bọ̀ ni. Mo ní ó fún mi, ó máa tó ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là. Bàbá àwọn ọmọ fò dìde, ó ní ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin! Mi ò purọ́, mo gbàgbé ni. Owó tí wọ́n fi há èèyàn lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀? Ẹgbẹ̀rún méjì ni mo fọwọ́ sí. Ọdún kan gbáko ni kò fi kí mi.

Ohun tó ṣe yín náà nìyẹn. Àṣẹ kóòtù ní kí owó gba ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ kọjá, èyí tí kò bá sì gba ibẹ̀ kọjá, lójú wọn, ẹ̀bùn ni. Bàtà, ẹ̀bùn ni. Owó bọ́ọ̀lù, ẹ̀bùn ni. Ẹ mú ọkàn kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Zelle ṣì lágbára díẹ̀, torí pé ó ní àkọsílẹ̀ ní báǹkì. Ìwé ìbúra kan wà ní Texas tí ìyá ọmọ lè fọwọ́ sí pé òun gba iye báyìí lọ́wọ́ bàbá ní tààrà. Ẹ tẹ àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́rìnlá náà jáde, kí ẹ fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lọ bá a pẹ̀lú sùúrù. $800 lọ́nà mẹ́rìnlá, $11,200 nìyẹn. Tó bá fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀, gbèsè yín di $2,100 àti èlé. Tó bá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lòun rántí, ẹ dúpẹ́, ẹ gbà á. Ẹ má bá a jà, òun ni bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá kọ̀ pátápátá, ẹ kó ìwé báǹkì náà tọ lọ́yà lọ, kó bá yín gbé e síwájú adájọ́.

Ẹ má retí pé kí adájọ́ kàn ṣàánú yín kó fagi lé gbèsè náà. Láti 1986 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé oṣù tí owó rẹ̀ bá ti kọjá láìsan ti di gbèsè tí kò ṣeé dín kù mọ́. Texas tún ń fi èlé ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lé e lọ́dọọdún. Iwájú nìkan ni wọ́n lè bá yín tún ṣe, kò sì kọjá ọjọ́ tí ìwé tí ẹ pè fún àtúnṣe bá dé ọwọ́ ìyá wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn ọkùnrin wa pé ọjọ́ tíṣẹ́ bá bọ́ ni kí wọ́n kọ̀wé. Ẹlòmíràn á dúró oṣù mẹ́jọ, á máa sọ pé òun fẹ́ kọ́kọ́ ríṣẹ́ mìíràn ná.

Tiyín ṣeé tún ṣe. Àṣẹ yín ti lé ní ọdún mẹ́ta. Bí iye tí òfin máa gbé kalẹ̀ lónìí bá fi $100 tàbí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń san, wọ́n lè ṣàtúnṣe. Ọmọ méjì, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún owó tó kù lẹ́yìn owó orí ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà ní Ìbàdàn yẹn, ṣé ẹ dárúkọ rẹ̀ ní kóòtù? Ọ̀pọ̀ wa kì í dárúkọ wọn, à ń rò pé ti Nàìjíríà ò kàn wọ́n. Ó kàn wọ́n. Tí ẹ bá ní ọmọ mìíràn tó jẹ́ ojúṣe yín lábẹ́ òfin, ìdá náà á wálẹ̀ sí 22.5. Ká ní $3,200 ló ń kù fún yín lóṣù níbi iṣẹ́ tuntun yìí, $720 ló máa bọ́ sí. Ẹ wá ìwé ìbí ọmọ náà jáde.

Ẹ béèrè ẹni tó sọ fún wọn. Ibi iṣẹ́ yín ni. Òfin 1996 ló fi dandan mú un pé kí ilé iṣẹ́ fi orúkọ ẹni tuntun ránṣẹ́ sí ìjọba láàárín ogún ọjọ́, kọ̀ǹpútà á sì fi wé orúkọ àwọn tó ń sanwó ọmọ. Kò sẹ́ni tó dalẹ̀ yín. Tí ẹ bá wá fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ara yín, adájọ́ lè ní ẹ mọ̀ọ́mọ̀ sá fún owó ni, kó sì ka owó tí ẹ lè máa pa sí yín lọ́rùn. Àjẹsílẹ̀ oṣù mẹ́ta ti tó kí ọwọ́ wọn kan ìwé ìwakọ̀ yín bí ẹ bá kọ̀ láti wá ṣe àdéhùn bí ẹ ó ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀. Tí kóòtù bá ránṣẹ́ pè yín, ẹ lọ o. Àìlọ ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí ẹ̀wọ̀n. Àti pé ní Texas, wọn ò gbọ́dọ̀ yọ ju ìdajì owó tó dọ́wọ́ yín lọ, ẹ ò ní sunkún ebi.

Ohun kan wà nínú owó tí wọ́n ń yọ níbi iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń sanwó fún yín, $438.46 ni wọ́n máa yọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, $876.92. Ẹ ó rí i lórí àkọsílẹ̀ pé ẹ jẹ $73.08. Ẹ má fòyà, ẹ má sì kígbe mọ́ ẹnikẹ́ni: oṣù méjì wà láàárín ọdún tí owó iṣẹ́ ń wọlé lẹ́ẹ̀mẹta, ibẹ̀ ló ti ń dọ́gba.

Ní ti IRS: bí àjẹsílẹ̀ bá ti pé $500, ìpínlẹ̀ lè ní kí ilé ìṣúra ìjọba àpapọ̀ gba owó tó yẹ kó padà sọ́wọ́ yín. $150 péré ni bí ìyá ọmọ bá ti gba TANF, owó ìrànwọ́ ìjọba fún ìdílé tí kò ní, ìgbà yẹn ni ìjọba sì lè mú lára owó náà.  Ṣùgbọ́n ìyàwó yín kò jẹ ẹnikẹ́ni. Kó kọ Form 8379, kó béèrè ìpín tirẹ̀, kó má fi dá yín lẹ́jọ́.

Ìwé ọmọ onílẹ̀ ńkọ́? Form N-400 máa bi yín nípa owó ọmọ. Wọ́n lè torí pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ọmọ láàárín ọdún márùn-ún sọ pé ìwà yín kò pé. Ẹni tó wá bá wọn pẹ̀lú àdéhùn ìsanwó àti àkọsílẹ̀ oṣù púpọ̀ tí kò já yàtọ̀ sẹ́ni tó kó Zelle dání. Páàsìpọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà pàápàá, ẹni tó bá jẹ ju $2,500 lọ kò ní rí i gbà. Páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà yín kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ó ku oṣù yìí. Àṣẹ lè dé ibi iṣẹ́ lónìí, kí wọ́n má tíì yọ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àlàfo yẹn sì ni gbèsè tuntun máa ń gbà wọlé. Ẹ san ti oṣù yìí fúnra yín, lórí íntánẹ́ẹ̀tì (tó bá jẹ́ káàdì, wọ́n á gba owó díẹ̀ lé e) tàbí kí ẹ fi mọ́ní ọ́dà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìsanwó ìpínlẹ̀ ní San Antonio. Nọ́ńbà ẹjọ́ yín méjì ni, ti kóòtù àti ti Attorney General, ọ́fíìsì tó ń bójú tó owó ọmọ ní Texas, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ kọ méjèèjì sójú mọ́ní ọ́dà náà gbàgbàgbà, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó lẹ àpò ìwé pa.