Ẹ Bèèrè, Ká Jọ Yẹ̀ ẹ́ Wò: Ta Ló Fẹ́ Wo Fídíò Wákàtí Méjì?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ téèyàn bá kà wọ́n tán, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nídìí púpọ̀ nínú wọn: kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ifẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti wá, Iléṣà tẹ̀lé e. Mo yọ mẹ́rin, èyí tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀ jù ni mo fi síwájú.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ kẹ́místìrì ni mí níbí ní Iléṣà. Wọ́n ní ká gbé apá kan kọ́ọ̀sì wa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ṣe tèmi tọkàntọkàn, mo jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù, mo ka gbogbo síláídì mi látòkè délẹ̀, wákàtí méjì gbáko, mo gbé e sórí Google Classroom. Kíláàsì yẹn lé ní igba ọmọ. Àwọn tó ṣí i ò tó ogójì, àwọn tó wò ó dé ìparí, mo lè fìka kà wọ́n. Mo bi wọ́n, wọ́n ní dátà. Mo wá fún wọn ní tẹ́ẹ̀sì, àwọn tó wo fídíò pàápàá ò yàtọ̀ sáwọn tí ò wò ó. Ṣé ọ̀lẹ ni wọ́n ni, àbí kí ni kí n ṣe?
*Olùkọ́ tó ti sú, Iléṣà*

Ìdáhùn: Ẹ má bínú sáwọn ọmọ o, sà. Ní 2014, àwọn olùwádìí kan, Philip Guo, Juho Kim àti Rob Rubin, kó àkọsílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń wo fídíò ẹ̀kọ́ lórí edX, ìkànnì kan tí wọ́n ti ń kọ́ kọ́ọ̀sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, jọ, ìgbà tí wọ́n wò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méje, ohun tí wọ́n sì rí ni pé bó ti wù kí fídíò gùn tó, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà kí wọ́n tó bá tiwọn lọ. Àwọn tó níná tó ní wifi wà nínú wọn o, ká má tíì sọ ọmọ tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ tí NEPA sì ti mú iná lọ látàárọ̀.

Tẹ́ ẹ bá wà nínú kíláàsì, ẹ̀ ń rí ojú wọn. Tẹ́ ẹ bá rí i pé àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń tòògbé, ẹ ó dá ọ̀rọ̀ dúró, ẹ ó dá àpárá díẹ̀, ẹ ó tún un sọ lọ́nà míì, ẹnì kan á nawọ́, "sà, ẹ jọ̀ọ́, ibi tẹ́ ẹ ti pín in yẹn ò yé mi." Fídíò ò rójú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ lọ ni, bíi rédíò tí wọ́n gbàgbé láti pa nínú ilé tí ò séèyàn.

Torí náà kì í ṣe kámẹ́rà lẹ máa kọ́kọ́ gbé, bébà ni. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, kí ni mo fẹ́ kí ọmọ yìí lè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe? Ẹ má kọ "kó mọ̀ nípa titration" (dída ásíìdì sí álíkálì díẹ̀díẹ̀ láti inú burette, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì onílà, láti mọ agbára ẹ̀), ta ló máa wọn ìyẹn? Ẹ kọ "kó lè ka burette, kó sì fi ohun tó kà ṣírò agbára álíkálì", ìyẹn ṣeé dán wò. John Biggs, onímọ̀ nípa ètò ẹ̀kọ́ tó kọ̀wé lórí ẹ̀ ní 1996, ní kí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí ọmọ lè ṣe, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń fún un, àti ìdánwò tẹ́ ẹ máa fi wọ̀n ọ́n bára mu. Ó jọ nǹkan kékeré, àmọ́ ẹ lọ wo ìwé ìbéèrè ọ̀pọ̀ dípátímẹ́ǹtì, ẹ óò rí "define, define" láti òkè dé ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ni wọ́n fi gbogbo sáà kọ́ àwọn ọmọ.

Ó yá, ká mú titration náà. Ẹ wá nǹkan so fóònù mọ́ ní láàbù, ọwọ́ yín àti burette nìkan ni kó hàn, ojú yín ò pọn dandan (ẹ má bínú). Ẹ fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe máa bẹ̀rẹ̀ kí ojú wọn bá ibi tí omi dé dọ́gba, bí wọ́n ṣe máa kà á níbi tí omi ti tẹ̀ kòtò nísàlẹ̀, kí wọ́n sì kọ 24.30, kì í ṣe 24.3. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, márùn-ún, ó ti tó, ẹ pa á. Fọ́tò burette míì ló kàn, pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: èló lo kà? Kí wọ́n dáhùn kí èyí tó kàn tó ṣí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìṣirò. Ká ní 24.30 cm³ HCl (ásíìdì) tí agbára ẹ̀ jẹ́ 0.100 mol/dm³ ló pa agbára 25.00 cm³ NaOH (álíkálì). Agbára NaOH yẹn, 0.100 × 24.30 ÷ 25.00, 0.0972 mol/dm³ ni. Ẹ̀yin náà sì mọ ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í, wọ́n á dojú ìpín náà kodò, wọ́n á gbé 25.00 lé 24.30 lórí, 0.103 ló máa jáde. Ẹ fi 0.103 yẹn sínú àwọn èsì tí wọ́n máa mú, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "o ti dojú vọ́lúùmù méjèèjì kodò, padà lọ wo ìlà kejì." Moodle, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbé kọ́ọ̀sì sí, gbà yín láàyè láti kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Google Forms náà gbà, àfi pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ẹni tó bá ṣì í máa rí. Ní aago méjì òru tẹ́ ẹ ti sùn lọ fọnfọn, ẹ ṣì ń kọ́ ọmọ yẹn níbẹ̀.

Ohun tó fà á tí àwọn tó wo fídíò yín ò fi yàtọ̀ náà rèé. Roediger àti Karpicke, àwọn olùwádìí nípa bí èèyàn ṣe ń rántí nǹkan, ṣe àyẹ̀wò kan ní 2006, wọ́n ní káwọn kan máa ka ìwé ní àkàtúnkà, káwọn míì kà á kí wọ́n sì dán ara wọn wò láìwòwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń kà á lákàtúnkà ló mọ̀ ọ́n jù. Tó di ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí bírí, àwọn tó dán ara wọn wò ló rántí jù. Wíwò lásán kì í dúró lórí, iṣẹ́ tí ọmọ fi orí ẹ̀ ṣe ló ń dúró.

Ti dátà yẹn, òótọ́ ni wọ́n sọ. Fídíò ìṣẹ́jú 5 tẹ́ ẹ bá dín kù dé bíi 500 kilobit (ìwọ̀n dátà) ní sẹ́kọ́ńdù kan ò ní ju MB 19 lọ. Ohùn nìkan, ìṣẹ́jú 10, ní 32 kilobit, MB 2.4 péré. Ìpàdé Zoom wákàtí kan tí gbogbo èèyàn tan kámẹ́rà lè jẹ tó GB kan, tó bá sì jẹ́ ti ọ̀fẹ́, ìṣẹ́jú 40 ló máa já yín sílẹ̀, èmi ò sì rò pé ìyẹn burú rárá.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúulé o. Wọ́n gbà mí síbi tí wọ́n ti ń ran àwọn olùkọ́ yunifásítì lọ́wọ́ lórí kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì, nílùú Ifẹ̀ yìí ni. A ṣe workshop ọlọ́jọ́ méjì, a jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, a pín sátífíkéètì, gbogbo wọn lọlé, kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan. Nígbà tí mo wá lọ bá Bàbá Prof kan, wọ́n ní "kí wọ́n tó bí bàbá ẹ ni mo ti ń kọ́ni." Báwo ni kí n ṣe é?
*Ọmọdé láàárín àgbà, Ilé-Ifẹ̀*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òótọ́ ni Bàbá sọ kẹ̀! Wọ́n ti ń kọ́ni tipẹ́, wọ́n mọ ibi tó dùn wọ́n, ìwọ lo lọ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa bọ́tìnì. Padà lọ, kúnlẹ̀ tàbí kó o dọ̀bálẹ̀ bó bá ṣe yẹ ọ́, má gbé láptọ́ọ̀pù dání. Bi wọ́n pé: "Prof, níbo làwọn ọmọ ti máa ń ṣubú jù nínú kọ́ọ̀sì yín?" Kó o wá jókòó, torí wọn ò ní tètè dákẹ́. Ibi tí wọ́n bá dárúkọ yẹn ni kó o mú, ọ̀sẹ̀ kan péré, má fọwọ́ kan gbogbo sáà. Kí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ìwọ ni kó o di fóònù mú, ìwọ ni kó o gé e, ìwọ ni kó o gbé e sórí Moodle. Tí ọ̀sẹ̀ yẹn bá yọrí, tí Bàbá rí i pé ìbéèrè táwọn ọmọ ń bi wọ́n ti ń dáa sí i, àwọn fúnra wọn ló máa ránṣẹ́ pè ọ́.

Kẹ́ ẹ dẹ́kun àtimáa rò pé olùkọ́ kan ló yẹ kó dá gbogbo ẹ̀ ṣe. Nígbà tí Open University ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, gba akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní 1971, ẹgbẹ́ ló ń kọ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó mọ iṣẹ́, olóòtú, ẹni tó mọ ètò ẹ̀kọ́, títí kan àwọn ará BBC. Nílé níbí náà kì í ṣe tuntun, 1983 ni wọ́n dá National Open University sílẹ̀, wọ́n tì í pa lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó di 2002 kó tó padà wá. Mòrò ò sì jìnnà sí yín, ibẹ̀ ni OAU gbé Centre for Distance Learning sí, wọkọ̀ lọ, kí wọn dáadáa, wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá tún máa ṣe workshop, ẹ pa wifi. Kí gbogbo olùkọ́ kọ́kọ́ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù tiwọn, dátà tiwọn, kí wọ́n wá PDF tí wọ́n síkáànù tí ò hàn dáadáa, kí wọ́n fi asáínmẹ́ǹtì ránṣẹ́ kí aago mẹ́rin tó lù. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe máa pariwo. Ibẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, èmi ń kọ́ wọn ní ẹkọnọ́míìsì. ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn kọ̀wé, ló ń bá àwọn ọmọ wa ṣe gbogbo asáínmẹ́ǹtì. Gírámà tó ń dán gbinrin, ẹni tó kọ ọ́ ò lè ka ìlà kan ẹ̀ fún yín.
*Ìyá kíláàsì, Ilé-Ifẹ̀*

Ìdáhùn: Ìyá wa, tí ìbéèrè yín bá jẹ́ èyí tí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè dáhùn láìdìde, ẹ̀rọ náà á dáhùn ẹ̀. Ẹ rán wọn lọ sí Odò-Ògbè, tàbí Atakúnmọ́sà tó bá jẹ́ ará Iléṣà, kí wọ́n bi onígàrí mẹ́ta ní iye tí wọ́n ń ta kóńgò, kí wọ́n bi wọ́n níbi tí wọ́n ti rà á àti iye owó mọ́tò, kí wọ́n fi ìyẹn ṣàlàyé ìdí tí iye fi yàtọ̀. Fọ́tò ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí, ohùn ìṣẹ́jú méjì, lédè Yorùbá pàápàá, kò burú. Wọ́n ṣì lè gbé e fún ẹ̀rọ kó bá wọn tún un ṣe, àmọ́ wọ́n ti lọ sọ́jà. Ìdánwò tó ní máàkì púpọ̀ jù, ẹ jẹ́ kó wà nínú gbọ̀ngàn, mi ò ní tan yín lórí ìyẹn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Olùkọ́ wa kan máa ń gbé iṣẹ́ sílẹ̀ lóru Sunday, kí a fi ránṣẹ́ ní Monday. Tá a bá bèèrè nǹkan lórí WhatsApp, blue tick nìkan la máa rí. Ẹ bá wa bá wọn sọ̀rọ̀.
*Ọmọ 200 level, Iléṣà*

Ìdáhùn: Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbọ́ o. Michael Moore, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn, ti sọ ọ́ láti 1989 pé ọ̀nà mẹ́ta lakẹ́kọ̀ọ́ ń gbà bá ẹ̀kọ́ pàdé: òun àti ìwé, òun àti olùkọ́, òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọwọ́ yín kúrò, ìwé nìkan ló kù, ìwé ò sì ní ka ìbéèrè. Ẹ yan ọjọ́ kan tí iṣẹ́ á máa jáde, kẹ́ ẹ má yẹ̀ ẹ́. Ti ìbéèrè, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ máa dáhùn láàárín òru, ẹ̀yin náà nílé.

Ìwọ ọmọ mi, ẹ má máa rọ́ ìbéèrè ogójì lù wọ́n. Kí class rep yín kó o jọ, kó yọ mẹ́ta táwọn èèyàn bèèrè jù, kó fi ránṣẹ́ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ohùn ìṣẹ́jú márùn-ún dáhùn ẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ kú iṣẹ́, sà", kó má kọ ọ́ bí ìwé ẹ̀hónú.