Ó fẹ́ gba gbogbo owó rẹ̀, kò sì fẹ́ dá ẹ̀wù mi padà

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kíákíá. Mo máa ń ta àwọn aṣọ tí mi ò wọ̀ mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àyè lè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Láìpẹ́ yìí mo ta ẹ̀wù gígùn aláwọ̀ ewé kan tó ní láínì, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo wọ̀ ọ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bíi tuntun ni, kò ní àbàwọ́n kankan. Ọjọ́ karùn-ún tí ẹ̀wù ti dé ọwọ́ obìnrin tó rà á ló fi fọ́tò ránṣẹ́ pé abíyá rẹ̀ ti di yẹ́lò, àti pé kò tiẹ̀ gba òun láyà. Ó ní kí n dá gbogbo owó òun padà, àmọ́ òun ò ráyè àti máa fi ẹ̀wù ránṣẹ́ kiri. Ó ní tí òun ò bá rí owó títí ọ̀la, òun máa fẹjọ́ mi sun ìkànnì náà, òun á sì kọ ọ́ síbi gbogbo pé olè ni mí. Ọkọ mi ní kí n búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kí n sì gbàgbé. Láti àná, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ká sọ òótọ́, mi ò yí inú ẹ̀wù náà síta wò kí n tó dì í. Ṣé dandan ni kí n dá owó yìí padà? Àbí ó fẹ́ lù mí ní jìbìtì ni?

Èmi,
Orí Ń Fọ́ Mi

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Kí ẹni tí a kò rí sójú rí máa peni ní olè, ó ń dunni wọ egungun. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ ju owó lọ, mo sì mọ̀ pé kò rọrùn láti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi ná. Má dá obìnrin náà lóhùn nígbà tí inú ṣì ń bí ọ, má sì búlọ́ọ̀kù rẹ̀.

Ọkọ rẹ kò fẹ́ kí wọ́n fi ojú rẹ gbolẹ̀ ni, ìfẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nínú ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, òǹtajà tó bá dákẹ́ ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Ẹ jẹ́ ká fi eBay ṣe àpẹẹrẹ. Tí oníbàárà bá fẹ̀sùn kan òǹtajà níbẹ̀ pé ọjà kò rí bí ó ṣe júwe rẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 3 ni òǹtajà ní láti fi wá nǹkan ṣe sí i. Tí ọjọ́ bá kọjá láìsí ojútùú, oníbàárà lè ní kí eBay fúnra wọn wá dá ẹjọ́ náà. Ìkànnì tí ìwọ ń lò náà ní iye ọjọ́ tirẹ̀. Lọ wò ó lónìí, kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹnu rẹ nìkan ni mo ti gbọ́, nítorí náà n kò ní pe obìnrin náà ní oníjìbìtì. Ẹ̀sùn méjì ló fi kàn ọ́. Ó pa wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn, ìwọ náà sì gbé e bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí o yà wọ́n.

Ti pé ẹ̀wù kò gbà á láyà kò le. Tí o bá fi téèpù wọn àyà àti ìbàdí ẹ̀wù náà, tí o sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀, ọwọ́ òun ló wà láti wo ara tirẹ̀ kó tó rà á. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin fún ẹni tó bá rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà láìsọ ìdí kankan, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ oníṣòwò ni òfin yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Kò kan ẹni tó ń ta aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ wọ̀ rí. Tó bá jẹ́ pé ńṣe lo máa ń ra aṣọ àlòkù láti tún un tà fún èrè, ìyẹn yàtọ̀, wọ́n lè kà ọ́ sí oníṣòwò. Ìwọ ní àyè inú kọ́bọ́ọ̀dù lò ń wá, mo sì gbà ọ́ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ abíyá ni ọ̀rọ̀ wà.

Abíyá ló ń tú àṣírí aṣọ àlòkù. Ọ̀pọ̀ roll-on tí a fi ń dá òógùn dúró ló ní èròjà aluminium nínú. Tí òun àti òógùn bá jọ gbẹ mọ́ aṣọ, o lè má rí nǹkan kan lọ́jọ́ tí o bọ́ ọ, kó wá máa pọ́n díẹ̀díẹ̀ níbi tí o gbé e kọ́ sí. Ooru áyọ́ọ̀nù sì tún lè gbé e jáde. Obìnrin náà lè tú ẹ̀wù sílẹ̀, kó lọ̀ ọ́ kó lè wọ̀ ọ́ wò, kí yẹ́lò sì yọjú sí i lójú ara rẹ̀. O rí i pé kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì ti purọ́.

Báwo lo ṣe máa mọ̀? Béèrè fọ́tò mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, kó yà wọ́n lójú ọ̀sán, kì í ṣe lábẹ́ iná: abíyá tí ó yí inú rẹ̀ síta, abíyá pẹ̀lú lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀wù náà nínú fọ́tò kan náà, àti ẹ̀wù lódindi. Ti lébẹ́ẹ̀lì yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí ó máa jẹ́ kí o mọ̀ pé ẹ̀wù rẹ ni ó ń fi hàn ọ́, kì í ṣe òmíràn. Tí fọ́tò bá dé, wo láínì. Tó bá jẹ́ láínì ló dọ̀tí ju ojú aṣọ lọ, tí yẹ́lò náà tàn ká tí etí rẹ̀ kò gún, òógùn ni, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún kò tó láti sọ aṣọ dà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí láínì bá mọ́, tó jẹ́ ojú aṣọ nìkan ló ní nǹkan lára, a jẹ́ pé ìta ni nǹkan náà ti kàn án, ó sì lè jẹ́ lọ́wọ́ tirẹ̀. Ìwọ náà padà sí àwọn fọ́tò tí o yà nígbà tí o fẹ́ tà á. Fẹ̀ wọ́n lórí fóònù rẹ, kí o wo ibi abíyá dáadáa.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ nìyí. Tí àbàwọ́n náà bá ti wà lára ẹ̀wù kó tó kúrò nílé rẹ, bẹ́ẹ̀ ni, dá owó padà. “Kò ní àbàwọ́n kankan” lo kọ, o sì sọ fún mi pé o kò yí inú rẹ̀ wò. Ohun tí o kọ síbẹ̀ lo tà fún un. Kódà ká ní o kọ ọ́ gàdàgbà pé o kì í gba ọjà padà, kò lè gbà ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ni kò ka ìyẹn sí tí ọjà bá yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀.

O lè sọ pé ọjọ́ karùn-ún ti pẹ́ jù. Lórí Vinted, ìkànnì kan tí wọ́n ti ń ta aṣọ àlòkù, ọjọ́ 2 ni oníbàárà ní láti sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ẹrù bá dé. Lórí Poshmark, tó jọ ọ́, ọjọ́ 3 ni. Lórí eBay, ó tó ọjọ́ 30. Nítorí náà ó ṣeé ṣe kí àyè ti bọ́ lọ́wọ́ obìnrin yìí lábẹ́ òfin ìkànnì rẹ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó máa fipá mú ọ. Èmi á ṣì gbà ọ́ níyànjú pé tí òógùn rẹ bá ni, gba ẹ̀wù rẹ. Ohun tí o fẹ́ ni kí orí rẹ má fọ́ mọ́, owó tí o fi ọjọ́ tó kọjá gbà kò lè ṣe ìyẹn fún ọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀wù àti owó jọ wà lọ́wọ́ òun nìkan? Rárá o. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí o dúró gbọn-in. Bí owó bá máa padà, ẹ̀wù gbọ́dọ̀ padà. Pé kò ráyè kì í ṣe ìdí. Ìwọ ni kí o san owó ìfiránṣẹ́ tó bá jẹ́ pé àbàwọ́n rẹ ni, kò tọ́ kí òun tún náwó lórí àṣìṣe rẹ, òun sì ni kó gbé e lọ. Tí ó bá fẹ́ràn ẹ̀wù náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ òun, ẹ lè jọ fẹnu kò lórí apá kan owó náà, kó mú ẹ̀wù dání. Ìyẹn bá mi lára mu dáadáa. Àmọ́ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà, kí o tó yọ owó kankan.

Nǹkan tí mo máa kọ sí i tí mo bá jẹ́ ìwọ nìyí, o lè dà á kọ bó ṣe wà:

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí ọ̀rọ̀ yín àti fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ máà bínú pé ẹ̀wù náà kò tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ya abíyá rẹ̀ lójú ọ̀sán, kí inú rẹ̀ wà níta, kí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì hàn, kí ẹ tún ya ẹ̀wù náà lódindi. Tí àbàwọ́n náà bá jẹ́ láti ọ̀dọ̀ mi, mo máa san owó tí ẹ máa fi dá a padà. Bí ẹ̀wù bá ti dé ọwọ́ mi bó ṣe wà nígbà tí ẹ gbà á, mo máa dá gbogbo owó yín padà láti orí ìkànnì yìí. Tí ẹ bá fẹ́ mú un dání, ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lórí iye tí mo lè yọ. Ẹ ṣeun.”

Má fi kún un. Má ṣàlàyé pé ẹ̀ẹ̀mejì péré lo wọ̀ ọ́, má mẹ́nu kan olè tó pè ọ́. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí ní ọ́fíìsì ìkànnì náà tó bá di ẹjọ́, ohun tí ó máa rí ni pé o dáhùn, o béèrè ẹ̀rí, o sì sọ ohun tí o máa ṣe.

Ní ti pé ó máa kọ ọ́ kiri: ya fọ́tò ojú fóònù rẹ níbi tó ti halẹ̀ mọ́ ọ, kí o tọ́jú rẹ̀. Àwọn ìkànnì kan, eBay wà lára wọn, kò gba kí oníbàárà fi ọ̀rọ̀ búburú dẹ́rù ba òǹtajà láti fi gba ohun tí kò tọ́ sí i. Fi ẹ̀rí yẹn ránṣẹ́ sí wọn tó bá kọ ọ́ ní tòótọ́. Bí wọ́n bá gbà kí òǹtajà fèsì sábẹ́ rẹ̀, gbólóhùn kan ti tó: “Mo ní kó dá ẹ̀wù padà kí n dá owó rẹ̀ padà, kò gbà.” Àwọn tó ń rajà máa ń ka èsì òǹtajà, wọ́n á lóye.

Ó tún lè sọ pé kí o kàn fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun tààrà, kó lè yá. Má ṣe é. Tí o bá san án lẹ́yìn ìkànnì, kò sí àkọsílẹ̀ pé o ti san án, ẹ̀sùn rẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀, wọ́n lè tún yọ owó kan náà lọ́wọ́ rẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀nà tí owó gbà wọlé ni kó gbà jáde. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé búlọ́ọ̀kù tí ọkọ rẹ sọ kò lè ti gbogbo ilẹ̀kùn. Ẹni tó fi káàdì sanwó lè lọ bá báǹkì rẹ̀ pé kí wọ́n gba owó òun padà. Ẹni tó san án nípasẹ̀ PayPal, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ni sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ọjọ́ 180 láti ọjọ́ tó sanwó láti fi ẹjọ́ sùn. Ọjọ́ 180, àbúrò mi! O kò ní fẹ́ máa wo ẹ̀yìn fún gbogbo àkókò yẹn.

Tí ẹrù bá dé padà, jẹ́ kí ọkọ rẹ gbé fóònù, kó máa ya fídíò bí o ṣe ń já páálí náà. Òun náà á rí nǹkan ṣe sí i. Wo lébẹ́ẹ̀lì, wo síìpù, yí inú ẹ̀wù síta, gbóòórùn rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀wù rẹ ni, tó sì wà bí ó ṣe wà nínú fọ́tò, dá owó náà padà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tó bá jẹ́ ẹ̀wù mìíràn ni, tàbí tó hàn pé ó ti wọ̀ ọ́ ròde, má dá owó padà, fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ìkànnì kí àwọn dá ẹjọ́ rẹ̀.

Tí ẹ̀wù náà bá ti padà sílé, má fi áyọ́ọ̀nù kàn án, má sì da bílíìṣì sí i, torí bílíìṣì lè mú yẹ́lò abíyá pọ̀ sí i, ó sì máa ṣí àwọ̀ ewé rẹ̀. Ka lébẹ́ẹ̀lì ná bóyá ó ṣeé fi omi fọ̀. Tó bá ṣeé fọ̀, yí inú rẹ̀ síta, fi ọṣẹ ìfọṣọ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí o tó fọ̀ ọ́, sá a síbi òjìji. Lẹ́yìn náà, tún un gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní owó tó dínkù. Ya á lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ọ̀sán, kọ ìwọ̀n àyà àti ìbàdí rẹ̀ bí téèpù ṣe sọ ọ́, kí fọ́tò abíyá sì wà ní ipò kejì, lẹ́yìn ti ẹ̀wù lódindi. Kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òógùn kù díẹ̀ nínú láínì, kò hàn tí wọ́n bá wọ̀ ọ́, tó bá jẹ́ pé bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó máa rà á wà.