Bàbá tí ọmọ wọn wọ yunifásítì àwọn Jesuit, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ojú ìwé kejì lẹ́tà yẹn

Assalamu alaikum o, bàbá wa. Mo rí ohun tẹ́ ẹ kọ, pé ọmọ yín obìnrin ti rí admíṣọ̀n sí yunifásítì àwọn fádà Jesuit, ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ Kátólíìkì, l'Amẹ́ríkà, wọ́n láwọn máa gbé ìdajì owó súkúù, àmọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n yín ní Pàkátà ń sọ pé ẹ fẹ́ lọ fa ọmọ mùsùlùmí lé fádà lọ́wọ́, ẹ wá ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ gbà tàbí kẹ́ ẹ kọ̀. Ojú mi ti rí ọ̀rọ̀ yìí. Aṣọ òfì ni mò ń tà níbí n'Ílọrin, ọmọ mi obìnrin wọ ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì wọn l'óṣù kẹjọ 2021, ó jáde l'óṣù karùn-ún 2025. Mi ò ní dárúkọ iléèwé náà, àmọ́ ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti ẹ̀sìn kúrò nílẹ̀. Mi ò bá àwọn ẹ̀gbọ́n yín wí o, ẹ̀rù yẹn nídìí. Láyé àwọn bàbá wa, ọmọ Ílọrin tó bá wọ iléèwé míṣọ́ọ̀nù, orúkọ míì ló sábà máa ń bá jáde, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí Sheikh Kamalud-Deen dá Ansar-ul-Islam sílẹ̀ ní 1942, káwọn ọmọ wa lè ka kéú kí wọ́n sì ka ìwé òyìnbó láìsọ ẹ̀sìn wọn nù. Àwọn Jesuit yìí, láti 1540 ni póòpù ti fọwọ́ sí ẹgbẹ́ wọn, ìwé kíkọ́ sì ni wọ́n fi ń jẹ́ orúkọ káàkiri ayé. Georgetown ní Washington ló dàgbà jù nínú yunifásítì wọn l'Amẹ́ríkà, 1789 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Georgetown yẹn náà ló kọ́kọ́ gba lèmọ́mù síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ gidi nínú gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà, 1999 nìyẹn, nígbà tó sì di 2023 wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí nínú ọgbà iléèwé, wọ́n fi sọrí Yarrow Mamout. Ẹ mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọmọ Fúlàní ni, mùsùlùmí, ó mọ Lárúbáwá kọ, wọ́n kó o lẹ́rú lọ sí Maryland ní 1752, ó ti darúgbó kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, síbẹ̀ ó fowó ara ẹ̀ ra ilé ní àdúgbò Georgetown náà ní 1800. Ọjọ́ tọ́mọ mi sọ ìtàn yẹn fún mi lórí fóònù, mo ní láti jókòó.

Àmọ́ ẹ má rò pé málàíkà ni wọ́n o. Àwọn fádà yìí kan náà ló ta ẹrú 272 ní 1838, tí wọ́n fi lára owó ẹ̀ san gbèsè Georgetown. Àwọn fúnra wọn ló ń sọ ọ́ báyìí, wọ́n tọrọ àforíjì ní 2017, wọ́n sì fi orúkọ Isaac Hawkins, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tà, sọ ilé kan nínú ọgbà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ni, kẹ́ ẹ lè fojú èèyàn wò wọ́n.

Níbi tọ́mọ tèmi wà, wọn ò fipá mú un lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan. Kíláàsì ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wà lóòótọ́, gbogbo ọmọ ló ń ṣe é, mùsùlùmí o, onígbàgbọ́ o, ẹni tí ò gba nǹkan kan gbọ́ o. Suratu Mariyama lọ́mọ mi kọ iṣẹ́ lé lórí, fádà tó ń kọ́ wọn sì bi í ní ìbéèrè títí ó fi tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta, ó lóun ò tíì ka súrà yẹn bẹ́ẹ̀ rí nílé kéú. Fádà kan tún wà tó ń gbé nísàlẹ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì wọn, wọ́n máa ń gbé láàárín àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwẹ̀ àkọ́kọ́ tó gbà níbẹ̀, oṣù kẹrin 2022, ilé oúnjẹ máa ń di sààrì sínú àpò pépà fún wọn lálẹ́, lọ́jọ́ kan ó sùn lọ, kò lọ gba tiẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún ìdájí lù ló gbọ́ kó, kó, kó lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá arúgbó yẹn ni, súwẹ́tà tó ti já nígùn-únpá ló wọ̀, sálúbàtà lẹ́sẹ̀, búrẹ́dì, ẹyin sísè àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní mo rí i pé àpò ẹ ṣì wà níbẹ̀. Aago mẹ́wàá ku díẹ̀ ni lọ́dọ̀ tiwa, mò ń so òfì kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tó pè mí, ẹkún lọ́mọ ń sun, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ni owó. Lẹ́tà sikọ́láṣíìpù tí wọ́n fún un, ojú ìwé méjì ni. Ojú ìwé àkọ́kọ́ dùn ún kà, wọ́n kí i kú oríire, wọ́n kọ iye dọ́là gàdàgbà, mo ti ṣe saara kí n tó ṣí èkejì. Ojú ìwé kejì yẹn ni wọ́n ti sọ ọ́ pé owó ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ìdajì yẹn wà fún, kò kan yàrá, kò kan oúnjẹ, kò kan ínṣọ́ránsì ìlera tó jẹ́ dandan. Wọ́n tún sọ pé iye dọ́là yẹn ò ní yẹ̀ títí dé ọdún kẹrin, bẹ́ẹ̀ owó súkúù ń gòkè lọ́dọọdún, tó fi di ọdún kẹta kì í ṣe ìdajì mọ́ rárá. Tí máàkì ọmọ bá sì wálẹ̀ ju ibi tí wọ́n fà sí, gbogbo ẹ̀ ti lọ.

Ìgbà tó wá di oṣù kẹfà 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa fúnra ẹ̀ sọ iye tó jẹ́. Dọ́là tó wà ní bíi 460 náírà ní báǹkì, nígbà tó fi di oṣù kejì 2024 ó ti kọjá 1,500. Mo ta ilẹ̀ tí mo rà s'Ẹ́yẹnkọ́rin, mo ta wúrà ọwọ́ àti tọrùn mi, kò dé ibì kankan. Iléèwé ti orúkọ ọmọ pa, kò lè forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì, ọ́fíìsì owó sì ń fi ímeèlì onílà mẹ́ta kan náà ránṣẹ́ sí i bí ẹni ń lé olè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lọ́mọ yìí fi pa á mọ́ fún mi, ó ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ sì ni òfin gbà wọ́n láyè, ó ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Fádà onísúwẹ́tà yẹn ló ṣàkíyèsí pé ó ti gbẹ. Ó mú un lọ sí ọ́fíìsì míì tí a ò mọ̀ pó wà, níbi táwọn tó ti kàwé jáde níbẹ̀ ń dá owó sí fáwọn ọmọ tí nǹkan bá dojú rú fún. Ìyẹn san ìdá méjì nínú mẹ́ta gbèsè náà, wọ́n pín ìyókù fún wa láti máa san lóṣooṣù. Ká ní ó sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni, wúrà mi ì bá wà lọ́rùn mi.

Àwọn tó ti jáde yìí, ẹ má fojú kéré wọn. Olórí gbogbo àwọn Jesuit nígbà náà, Pedro Arrupe, ló bá wọn sọ ọ́ ní Valencia ní 1973 pé èèyàn tó wà fún ẹlòmíì làwọn fẹ́ kí wọ́n jẹ́, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ yẹn ní gidi. Ẹ wo Dikembe Mutombo, ọmọ Kóńgò, sikọ́láṣíìpù ló gbé e dé Georgetown ní 1987, dókítà ló fẹ́ dà, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló sọ ọ́ di olówó, ó sì kọ́ ọsibítù sí Kinshasa lórúkọ ìyá ẹ̀, wọ́n ṣí i ní 2007.

Torí náà, bàbá wa, kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ gbà, ẹ kọ ímeèlì sí wọn, ẹ bi wọ́n bóyá sikọ́láṣíìpù yẹn máa ń gòkè bí owó súkúù bá gòkè, ẹ bi wọ́n èló ni gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ fún ọdún mẹ́rin, kí wọ́n kọ èsì sílẹ̀. Ẹ má gbọ́kàn lé pé ìjọba Amẹ́ríkà máa yá a lówó súkúù, ọmọ tó bá fi fíìsà akẹ́kọ̀ọ́ lọ ò sí níbẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí fíìsà fọ́mọ Nàìjíríà dé báyìí, torí wọ́n ń yí òfin ẹ̀ lemọ́lemọ́. Nígbà tiwa, 350 dọ́là la san fún SEVIS, ìyẹn owó tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà láti kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè sílẹ̀, 160 fún fíìsà, bí fíìsà ò bá sì jáde, wọn ò ní dá ti fíìsà yẹn padà. Ẹ bá ọmọ náà ṣàdéhùn pé ọjọ́ tówó bá kọ́kọ́ dùn ún ni yóò sọ.

Tẹ́ ẹ bá wà n'Ílọrin, ẹ fún mi lésì níbí, ká fọjọ́ sí i, lẹ́yìn ìrun àsárì ni kẹ́ ẹ gbé lẹ́tà yẹn wá ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mú ọmọ náà dání, màá pe tèmi lórí fóònù, káwọn méjèèjì jọ ka ojú ìwé kejì.