Ṣé kí ẹgbẹ́ yín wọ The Way Home? Ohun tí ojú wa rí ní Houston

Bùrọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín ní àdúgbò Alief ti ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tó ń sùn lábẹ́ afárá, pé ẹnì kan wá ní kẹ́ ẹ wá dara pọ̀ mọ́ The Way Home, àpapọ̀ àwọn tó ń gbógun ti àìnílé lágbègbè wa. Ẹ wá ń béèrè pé ṣé èrè wà níbẹ̀, àbí ìpàdé lásán ni. Ìjọ tiwa ti wà nínú ẹ̀ tipẹ́, èmi ni wọ́n sì máa ń rán lọ. Ẹ wọlé. Àmọ́ tó bá jẹ́ torí owó ni, ẹ jókòó sílé yín.

Ẹ jẹ́ ká tètè mú ti owó kúrò nílẹ̀. Owó ìjọba àpapọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀dọ̀ HUD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, ló ti ń wá, àwọn àjọ ńláńlá tó ní ọ́fíìsì àti oníṣirò owó ló sì ń rí i gbà. Wọ́n á kọ́kọ́ ná tara wọn kí wọ́n tó gbà á padà, wọ́n á tún wá ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún láti ibòmíràn fi tì í lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé owó oṣooṣù àti owó ìtanràn àwọn apẹ́lẹ́yìn ló fi ń ra ìrẹsì ò lè gbé ìyẹn.

Irú àpapọ̀ báyìí wà káàkiri Amẹ́ríkà. Continuum of Care lórúkọ tí òfin fún un. Tiwa kó county Harris, Fort Bend àti Montgomery pọ̀. Coalition for the Homeless ló ń darí ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ máa bá àwọn shelter tó ń gba aláìnílé sùn, ilé ìwòsàn, ọlọ́pàá, àwọn ìjọ, àti àwọn tó ti sùn síta rí. Dandan ni kí ọ̀kan ó kéré tán lára irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ wà nínú ìgbìmọ̀, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Òfin yẹn náà ló ní kí wọ́n máa pe ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ní gbangba lọ́dọọdún. Ẹ má wọlé bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan, wọ́n ń wá yín.

Kó tó di 2012, olúkálukú ló ń dá tiẹ̀ ṣe. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2011, àwọn tí kò rílé gbé lé ní 8,000. Àsìkò tí Annise Parker jẹ́ mayor ni wọ́n kó gbogbo orúkọ sínú àkọsílẹ̀ kan, tí wọ́n sì fẹnu kò pé kí ẹni tó ń sùn síta kọ́kọ́ wọlé ná, kí ọ̀rọ̀ ọtí, oògùn àti iṣẹ́ wá tẹ̀lé e. Àwọn tí wọ́n ti fi sílé látìgbà náà ti lé ní 25,000, iye tí wọ́n sì ń kà nígboro ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè máa fara da ìpàdé wọn, torí ìpàdé ọ̀hún máa ń súni. HMIS, PIT, CoC, ẹnà ni wọ́n ń sọ síra wọn.

Torí àwọn èèyàn wa gan-an ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ wọlé. Ta ni ọmọ Yorùbá tó máa la ẹnu ẹ̀ pé òun ò nílé? Bàbá kan wà níjọ wa tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó lọ ń sùn ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀, nígbà tó yá, ara ò rọ ìyàwó ilé mọ́, bàbá kó ẹrù ẹ̀ jáde, ó ní òun ti rí ibòmíràn. Inú ọkọ̀ ẹ̀ ni ibòmíràn ọ̀hún. Kò sì sẹ́ni tó mọ̀, torí lọ́jọ́ Sunday, agbádá bàbá máa ń gún régé ni. Àfi ìgbà tí mo ṣàkíyèsí pé ó máa ń dé ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, tí á sì gba ilé ìdáná lọ tààrà. Áyọ́ọ̀nù ló ń wá.

Mo mú un lọ síbi tí àwọn The Way Home ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn aláìnílé lẹ́nu wò. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà bi í pé níbo ló sùn lálẹ́ àná. Bàbá na ọrùn, ó ní, "Ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi ni mo wà." Ọmọbìnrin yẹn ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Bùrọ̀dá, ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn. Lójú HUD, ẹni tó ń sùn ní pálọ̀ ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í ṣe aláìnílé tí àwọn ètò yìí wà fún. Ẹni tó ń sùn sínú ọkọ̀, sábẹ́ afárá tàbí sí shelter ni wọ́n ń wá. Bàbá fẹ́ fi gbólóhùn kan ṣoṣo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara ẹ̀. Mo yí sí Yorùbá, mo ní, "Bàbá, ẹ sọ ti ọkọ̀ fún un." Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé kí n wá máa tú ara mi wò lójú ọmọ kékeré yìí?" Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ ọ́. Nígbà tó sọ ọ́, ọmọbìnrin yẹn pa gbogbo ohun tó ti kọ rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ látòkè. Oṣù bíi mélòó kan ló tún gbà lẹ́yìn náà, torí káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ ti kú, káàdì Social Security ò sì sí lọ́wọ́ ẹ̀. A tún kọ lẹ́tà pé àwa tá a fọwọ́ síwèé yìí mọ ibi tó ń gbọ́kọ̀ sí sùn. Ó ti wà nínú yàrá ẹ̀ báyìí, ó ń bá àwọn ará ìsàlẹ̀ jà lórí ariwo.

Mi ò ní kẹ́ ẹ kọ́ ẹnikẹ́ni nírọ́ o. Ẹni tó wà ní pálọ̀, pálọ̀ ni kó sọ. Ọ̀nà tirẹ̀ náà wà. Tí ẹni tó gbà á sílé bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ọjọ́ 14, tí kò sì ní ibòmíràn tàbí owó tó lè fi wá a, òfin kà á mọ́ aláìnílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ètò kọ́ ló ṣí fún un. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ayé á gbọ́ pé àwọn lé ọmọ ìyá àwọn jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lẹ lè bá wọn sọ ọ́ tí wọ́n á fi gbọ́. Tó bá sì lọ́mọ nílé ìwé, ẹ má jókòó de HUD. Òfin McKinney-Vento ka ọmọ tó ń bá òbí ẹ̀ gbé ilé onílé torí àìrílé kún àwọn aláìnílé. Ilé ìwé gbọ́dọ̀ gbà á láìsí ìwé kankan lọ́wọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá ọkọ̀ tí á máa gbé e lọ sí ilé ìwé tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀, tí òbí bá béèrè. Gbogbo school district ló ní òṣìṣẹ́ tí wọ́n yàn sídìí ẹ̀. Mi ò mọ iye ìyá tí mo ti sọ èyí fún tó ń yà lẹ́nu.

Oúnjẹ tẹ́ ẹ̀ ń pín dáa, àmọ́ ẹ mọ̀ pé láti 2012, òfin Houston ní tẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ́ ju èèyàn márùn-ún lọ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiyín, ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó nilẹ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yé ya fọ́tò wọn sórí Facebook. Níbi tí irú ẹgbẹ́ yín ti wúlò jù ni ọjọ́ tí ẹnì kan bá gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Ó lè bá ara ẹ̀ nínú yàrá tí ò sí nǹkankan níbẹ̀ ju iná orí àjà lọ. Bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò, ìgbálẹ̀, aṣọ ìbora: ẹ dì í bí ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń di ẹrù ìyàwó. A kì í kọ́ àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín nírú ìyẹn.

Ẹnì kan ni kẹ́ ẹ máa rán, kó má jẹ́ pé tòní Lágbájá, tọ̀la Tàmẹ̀dò. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ni ìpàdé sábà máa ń bọ́ sí, nítorí náà ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tàbí nọ́ọ̀sì tó ń ṣe iṣẹ́ òru ló dáa jù. Kó lọ bá wọn ka àwọn aláìnílé níparí January, wọ́n máa ń dá àwọn olùyọ̀ǹda lẹ́kọ̀ọ́. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, kó wá ẹni tó ń rìn kiri Alief lọ bá àwọn tó ń sùn síta, kó sì gba nọ́ńbà ẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́wọ́ akọ̀wé, kì í ṣe ọwọ́ alága, torí àwa náà mọ alága tí kì í gbé fóònù.