Ẹ má tíì so ìwé kankan mọ́ fọ́ọ̀mù yẹn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹ ní ẹ rí ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan l'Ékòó tí ẹ fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ yín fún, pé fọ́ọ̀mù tó wà lójú òpó wọn ní kí ẹ ro ẹjọ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì so ìwé ìgbéyàwó, ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ àti àkọsílẹ̀ báńkì oṣù 6 mọ́ ọn. Ẹ ń béèrè bóyá ó léwu. Àwọn tó ti dáhùn ṣáájú mi ní kò séwu níbẹ̀, pé lọ́yà kì í tú àṣírí. Ohun tí èmi náà gbọ́kàn lé nìyẹn.

Ọdún 2023 la sin bàbá wa. Ìyàwó mẹ́ta ni wọ́n fẹ́, wọ́n sì fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ n'Íbàdàn. Àwọn tí ìyá wọn bí ọmọ kan tàbí méjì ní ìdí-igi ni ká fi pín in. Àwa tí ìyá wa bí márùn-ún ní orí-ò-jorí ni. (Ẹ lè rẹ́rìn-ín, kálukú ló mọ èyí tó máa gbè é.) Nígbà tí àpérò ẹbí di ariwo, mo wá lọ́yà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì rí àwọn kan tí ojú òpó wọn ń dán gbinrin. Aago kan òru lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, mo jókòó ti fọ́ọ̀mù wọn. Ẹ mọ bí ẹni tí inú ń bí ṣe máa ń kọ̀wé lóru. Ojú ìwé mẹ́rin gbáko. Mo kọ orúkọ ẹni tí mo rò pé ó fi ọwọ́ kan owó ìsìnkú. Mo kọ orúkọ ẹni tí èmi ò gbà pé bàbá wa ló bí i. Mo so ó mọ́ fọ́ọ̀mù, pẹ̀lú ìwé survey ilẹ̀ náà àti ìwé NIN mi, nítorí wọ́n ní kí n fi NIN sí i. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ojú òpó náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní wọ́n máa kàn sí mi láàárín wákàtí 24.

Wọn ò kàn sí mi. Mo gba lọ́yà mìíràn, mo sì gbàgbé wọn.

Ní oṣù Keje ọdún 2024, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, láti ìdí igi kejì, ń wá fọ́tò bàbá àgbà rẹ̀ lórí Google. Ó tẹ orúkọ wọn. Ìwé mi ló jáde. Kí n tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà lórí WhatsApp ẹbí. Wọ́n kà á fún àbúrò bàbá mi obìnrin, ìyá arúgbó tí kò mọ̀wé kà. Ìyá ò bú mi. Wọ́n kàn pè mí lórí fóònù, wọ́n ní, "Ṣé bí a ṣe rí lójú ẹ nìyí?" Títí di òní, mi ò tíì rí èsì fọ̀ sí ìbéèrè yẹn.

Mo lọ bá ilé iṣẹ́ náà. Lọ́yà tó dá mi lóhùn kò mọ̀ mí rí, kò sì parọ́. Àdírẹ́sì ímeèlì tí fọ́ọ̀mù ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí jẹ́ ti òṣìṣẹ́ kan tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀dà kejì ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá wọn ṣe ojú òpó náà, tí wọ́n sanwó fún lẹ́ẹ̀kan tí wọn ò rí mọ́. Àwọn ìwé tí èèyàn bá sì so mọ́ fọ́ọ̀mù ń lọ sínú àpótí kan lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n háyà fún ojú òpó náà. Àpótí yẹn ò ní kọ́kọ́rọ́. Google ní ẹ̀rọ tó ń rìn káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án lóru, tó ń ka ọ̀pọ̀ ohun tó bá wà ní ṣíṣí. Ó débẹ̀, ó kà á, ó sì to orúkọ bàbá mi mọ́ àwọn orúkọ tí èèyàn lè wá. Kò sẹ́ni tó jalè. Kò sí lọ́yà kankan tó la ẹnu. Ní gbogbo ilé iṣẹ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò ka ọ̀rọ̀ mi títí ẹbí mi fi kà á tán.

Ìdí tí mo fi ń dá yín dúró nìyẹn. Ẹni tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀ lórí fọ́ọ̀mù yẹn kì í ṣe lọ́yà. Abala 192 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 dí lọ́yà lẹ́nu lórí ohun tí oníbàárà bá bá a sọ lẹ́nu iṣẹ́ tó gbà á fún. Ẹ̀yin ò tíì gbà wọ́n síṣẹ́. Mo padà lọ wo ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù tèmi, mo sì rí i ní lẹ́tà tín-ín-rín pé kíkún un kò sọ èèyàn di oníbàárà wọn. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ẹ tún wò ó báyìí: bí ọkọ yín bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn ṣáájú yín ńkọ́? Lọ́yà tó mọṣẹ́ kì í fẹ́ gbọ́ àlàyé kankan kó tó béèrè orúkọ tọ̀tún-tòsì, kó lè mọ̀ bóyá òun ti ń ṣiṣẹ́ fún ẹnì kejì. Fọ́ọ̀mù tó ní kí ẹ tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ìyẹn, lọ́yà kọ́ ló ṣe é.

Mo tún ka ìwé ìlànà tí ilé iṣẹ́ tí èmi kọ̀wé sí gbé sí ojú òpó wọn nípa dátà (ìyẹn, ìsọfúnni nípa) àwọn tó bá wá síbẹ̀. Ìbàdàn ni ọ́fíìsì wọn wà o, àmọ́ ìwé náà ní bí inú bá ń bí ẹ, kí o kọ̀wé sí ICO, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ dátà ní England. Wọ́n dà á kọ látọ̀dọ̀ ẹlòmíràn láìkà á! Látìgbà náà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò nìyẹn: ṣé orúkọ ilé iṣẹ́ náà gan-an ló wà níbẹ̀, ṣé wọ́n sọ ẹni tí dátà yóò dé ọwọ́ rẹ̀, ṣé wọ́n sọ bí àkókò tí wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀ ṣe máa gùn tó, ṣé wọ́n dárúkọ NDPC, àjọ tó ń dáàbò bo dátà aráàlú ní Nàìjíríà. Abala 27 nínú òfin dátà wa ní kí wọ́n sọ irú nǹkan wọ̀nyí kí wọ́n tó gba ohunkóhun lọ́wọ́ yín.

Òfin tí mo ń sọ ni Òfin Ìdáàbòbò Dátà ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún yẹn. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé kò béèrè bóyá oníbàárà ni ọ́. Àlejò tó kàn yà sójú òpó ní ẹ̀tọ́. Abala 34 ni mo fi kọ lẹ́tà mi, ojú ìwé kan péré: mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ní nípa mi, àwọn tí wọ́n fún, kí wọ́n sì pa á rẹ́. Wọ́n ní ẹ̀bi ọmọ tó ṣe ojú òpó ni. Mo ní abala 29 sọ pé ẹni tó bá gbé dátà fún ẹlòmíràn bójú tó ló gbọ́dọ̀ rí i pé onítọ̀hún ń tẹ̀ lé òfin. Wọ́n dákẹ́. Mo kọ lẹ́tà kejì, mo béèrè bóyá wọ́n ti sọ fún NDPC láàárín wákàtí 72 tí abala 40 fún wọn, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti dé ọ́fíìsì wọn ni wọ́n ti mọ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, àpótí náà di títì. Àbá mi ni pé kí ẹ má fi ariwo ṣáájú. Ẹ fi nọ́ńbà abala ṣáájú. Lọ́yà ni wọ́n, wọ́n mọ̀ ọ́n kà.

Àmọ́ wọ́n ti pa ìwé náà rẹ́ tán, Google ṣì ń gbé àkọlé rẹ̀ jáde. Google ní ojú ìwé tí èèyàn ti lè ní kí wọ́n yọ ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́ kúrò; ibẹ̀ ni mo gbà. Ti orí fóònù àwọn ẹbí mi kò ní ojú ìwé kankan.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Àbúrò mi tó wà ní London ló fi ìròyìn kan ránṣẹ́ sí mi: ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ICO bu owó ìtanràn £60,000 lé ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan lórí ní agbègbè Merseyside. Ọlọ́pàá National Crime Agency ló wá sọ fún wọn pé ìwé àwọn oníbàárà wọn ti wà níbi tí àwọn olè íntánẹ́ẹ̀tì ń pàtẹ sí.

Ọ̀rọ̀ tiyín tún le ju tèmi lọ níbì kan. Ọ̀pọ̀ irú ojú òpó bẹ́ẹ̀ ní kúkì (fáìlì kékeré tí ojú òpó ń fi sórí ẹ̀rọ èèyàn láti fi dá a mọ̀) àti ìlà kọ́ọ̀dù Facebook tó ń kíyè sí ojú ewé tí èèyàn kà. Bí ẹ̀yin àti ọkọ yín bá jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan, ẹ lè ka ojú ewé ìkọ̀sílẹ̀ lónìí, kí ìpolówó lọ́yà ìkọ̀sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí i lọ́la. Fóònù tiyín ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kọ kúkì tí wọ́n bá fi lọ̀ yín. Ẹ má bá àpótí tó máa ń fò jáde ní igun pé "ṣé ká ràn yín lọ́wọ́" sọ ohunkóhun.

Ẹ pè wọ́n. Ẹ dárúkọ ara yín àti ti ọkọ yín, ẹ ní ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ni, kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n lè gbà á. Ó tó. Ìwé ìgbéyàwó, ẹ mú un lọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ. Ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, ẹ fi sílé ná; abala 24 ní kí wọ́n má gbà ju ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn nílò lọ, ẹ ò sì tíì fún wọn níṣẹ́ kankan.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ti fi ránṣẹ́ kí ẹ tó rí èsì yìí, ẹ kọ lẹ́tà abala 34 sí wọn lónìí, kí ẹ sì tẹ orúkọ ara yín àti ti ọkọ yín lórí Google lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ títí wọ́n fi máa dáhùn. Ẹ̀dà lẹ́tà tèmi wà lọ́wọ́ mi. Màá yọ àwọn orúkọ inú rẹ̀ kúrò, màá sì fi síbí lálẹ́ òní.