Ṣé ẹ ṣì ń ṣe é, àbí ẹ ti fi í sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ lórí “used to”

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kubwa ni mò ń gbé, ọ́fíìsì kan ní Wuse ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ akáńtì. Láìpẹ́ yìí, wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbòmíràn. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mò ń ṣe níbi iṣẹ́, mo ní, “I use to prepare the monthly report and I use to supervise two people.” Ọ̀kan nínú wọn gbójú sókè, ó ní, “When did you stop?” Ṣe ni mo kàn ń wò ó. Mi ò dáwọ́ dúró, mo ṣì ń ṣe é lóṣooṣù. Kí ni mo sọ tó fi bi mí bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá mi náà máa ń kọ “I am use to it” sínú í-meèlì. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ìdáhùn: Ẹni yẹn kò fi yín ṣẹ̀sín o. Ohun tó gbọ́ ló fèsì sí. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ti sọ pé “I used to prepare the report”, ohun tó ń sọ ni pé ẹ ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹ kì í ṣe é mọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi ẹnu ara yín kúrò lórí iṣẹ́ tí ẹ ṣì wà lórí rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ sọ kò le: “I prepare the monthly report and I supervise two people.” Kò sí “use to” níbẹ̀ rárá.

“Máa ń” tiwa ló fa gbogbo rẹ̀. Bí mo bá ní, “Mo máa ń lọ sí ọjà Wuse ní Sátidé,” ẹ ó gbà pé Sátidé tó ń bọ̀ pàápàá, ẹ lè bá mi níbẹ̀. Bí mo bá sì ní, “Nígbà tí mo wà ní Jos, mo máa ń jẹ ọ̀dùnkún,” ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. “Máa ń” kan náà ló ṣe iṣẹ́ méjèèjì, àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló sọ ìgbà fún yín. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ ṣì ń ṣe, ọ̀rọ̀-ìṣe lásán ni ẹ ó lò, ẹ sì lè fi “usually”, “always” tàbí “every Saturday” tì í lẹ́yìn: “I go to Wuse Market every Saturday.” Ohun tó ti parí nìkan ni “used to” wà fún: “When I was in Jos, I used to eat a lot of potatoes.”

Kì í ṣe àwa Yorùbá nìkan. Hausa náà ní “nakan” tirẹ̀ fún ohun tí èèyàn máa ń ṣe, àwọn ará Ìlà Oòrùn náà sì ń sọ “I use to” bíi tiwa. Nígbà tí gbogbo wa wá kóra jọ sí Àbújá, láti Federal Secretariat dé gáréèjì Nyanya, kò sí ẹni tí yóò bá ẹnì kejì wí. Ohun tí etí ń gbọ́ lójoojúmọ́, ọkàn á gbà pé òun ló tọ̀nà.

Ìkọ̀sẹ̀ mìíràn tó wọ́pọ̀ wà níbi tí a bá ti ń sọ pé a kì í ṣe nǹkan, tàbí tí a bá ń béèrè bóyá ẹnì kan máa ń ṣe é. “I don’t use to eat at night.” “Do you use to have headache?” Mo ti gbọ́ èyí lẹ́nu nọ́ọ̀sì, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu lọ́yà. “I don’t eat at night” ti tó. “Do you get headaches?” náà ti tó. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kì í sábà ṣe é ni, ẹ ní “I don’t usually”, tàbí “I hardly ever”: “I hardly ever fall sick.”

Ẹni tó bá fẹ́ fi èyí bú yín, ẹ sọ fún un pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an sọ ọ́ rí. Kí ó ṣí Bíbélì King James ti ọdún 1611 sí Sáàmù 119, ẹsẹ 132, yóò bá “as thou usest to do” níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ohun tó ń lọ lọ́wọ́ ni kì í ṣe ti àtijọ́. Nígbà tó yá, ìlò yẹn kú lẹ́nu wọn, ó wá ku ti ohun tó ti kọjá nìkan. Ẹ fi í jiyàn bí ẹ bá fẹ́, ẹ má gbé e lọ sí ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìlò rẹ̀ yé yín dáadáa, ẹ wo ìlú tí a wà yìí. “Lagos used to be the capital of Nigeria.” Òótọ́ ni, torí pé láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni olú-ìlú ti kúrò níbẹ̀ wá sí Àbújá. “Zungeru used to be the capital of Northern Nigeria.” Òótọ́ ni pẹ̀lú, kí ìjọba tó kó lọ sí Kaduna. Àmọ́ ẹni tó bá ní “Abuja used to be the capital of Nigeria” ti kó ìjọba lọ lóru láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó tún burú ni “My father used to like àmàlà” nígbà tí Baba jókòó ní Gwagwalada tí wọ́n ń gbá àmàlà lọ́wọ́. Ẹni tó gbọ́ ọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kí yín pé kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín wá yàtọ̀. “I am used to it”, ó ti mọ́ mi lára nìyẹn. Ẹ ti gbé láàárín Hausa tó láti mọ “na saba”. Òun gan-an ni. Kò sọ bóyá nǹkan ti parí tàbí kò parí, “am”, “was” tàbí “will be” tó wà níwájú rẹ̀ ló ń sọ ìgbà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ọn ni, “get” ni: “You will get used to the harmattan.”

Ẹ wo ẹni tó ń ti Mararaba wá sí ibi iṣẹ́, tó ń sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bó bá ní “I used to wake up at four,” ó ti kó kúrò ní Mararaba nìyẹn, tàbí ó ti rí iṣẹ́ mìíràn. Bó bá ní “I am used to waking up at four,” ó ṣì ń jí ní aago mẹ́rin, kò kàn ni ín lára mọ́ ni. Ẹ rí i pé “wake” ti di “waking”. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ ó lò, ẹ fi “it” sí ẹ̀yìn “to” kí ẹ gbọ́ bó ṣe dún. “I am used to it” dúró dáadáa, nítorí náà “-ing” ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá tẹ̀ lé e máa gbà. “I used to it” kò dúró, nítorí náà “wake” lásán ni.

“d” tí ọ̀gá yín gbé mì kò yà mí lẹ́nu. Bí wọ́n bá ń pè é, “t” tó wà nínú “to” ló ń gbé “d” náà jẹ, etí kì í gbọ́ ọ, ọwọ́ kò sì ní kọ ọ́. Fóònù kì í sábà fa ìlà pupa sí i, nítorí “use” náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tó dá dúró. Ibi tí “d” ti ń kúrò lóòótọ́ ni ẹ̀yìn “did” àti “didn’t”: “Did you use to live in Kano?” “Did” ti ru ẹrù ìgbà tó kọjá, kò sídìí láti tún un rù.

Ti iṣẹ́ tí ẹ ti fi sílẹ̀ ńkọ́? “I used to supervise two people” tọ̀nà nígbà náà. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ èmi ni mo ń bá yín tún CV ṣe, mi ò ní jẹ́ kó wọlé. “I supervised two people” le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì kúrú.

Kí ẹ tó fi í-meèlì ránṣẹ́, ẹ wo “supposed to” náà. “d” tirẹ̀ máa ń sọ nù lọ́nà kan náà: “The file is suppose to reach you today.” “Is supposed to” ni. Èyí kò ní wàhálà ìgbà nínú ní tirẹ̀, ẹ kàn fi “d” rẹ̀ sí i.